Ẹsẹ̀ Ìyá Wàhábì àti Ẹsẹ̀ Tèmi

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé egbò ẹsẹ̀ rẹ kì í ṣe èyí tó máa jinná ní ọ̀sẹ̀ kan, ìwọ ni mo ń kọ èyí sí. Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. O ti ń wo ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń kọjá lọ ní títì, kì í ṣe ojú rẹ̀ lo máa ń kọ́kọ́ wò mọ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé sùúrù àti ìgbàgbọ́ ni mo fi la àìsàn yìí kọjá. Owú ni mo fi là á kọjá, owú náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́ mi.

Rìsíkátù ni orúkọ mi. Onídìrí ni mí ní Mushin, mo sì ti ń ṣe irun láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Iṣẹ́ wa kò ní ìjókòó. Oníbàárà ló ń jókòó, ìwọ lo máa dúró ti orí rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tó bá wá ku ọ̀la kí ọdún Iléyá pé, o lè má fìdí kan ilẹ̀ rárá. Nígbà tí mo lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ni ọrùn ẹsẹ̀ mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá bọ́ bàtà, okùn bàtà á ti fi ojú jíjìn sílẹ̀ lára ẹsẹ̀ mi. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wíwú náà á ti lọ sílẹ̀, mi ò sì ní rántí ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni awọ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, tó ń yún mi, tí mo ń họ ọ́. Bàbá Fáwàsì, ọkọ mi, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ládìpọ̀, wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣọ́kù ẹsẹ̀ ẹ ti ń kú nìyẹn o." A jọ rẹ́rìn-ín. Ìbá ṣe pé a ò rẹ́rìn-ín ni, ká kúkú gba ọsibítù lọ.

Ní ọjọ́ kan mo fi ẹsẹ̀ náà gbá ìdí díráyà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bó díẹ̀, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Mo tú kápúsù, mo da ìyẹ̀fun inú ẹ̀ sí i, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe ládùúgbò. Jọ̀ọ́, má ṣe é. Ẹyọ ẹ̀wà di bọ́tìnnì, bọ́tìnnì di ìdérí ìgò, ìdérí ìgò di àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Omi ń jáde lójú ẹ̀, omi náà sì ń rùn.

Ibẹ̀ ni owú ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ń fọ orí fún oníbàárà, ńṣe ló máa ń fẹ̀yìn tì, tí á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ọwọ́ mi á wà nínú ọṣẹ, ojú mi á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dán, tí wọ́n kun èékánná ẹ̀ ní pupa. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé kí ni eléyìí ṣe tí Ọlọ́run fi fún un ní ẹsẹ̀ báyìí, òun tó ń purọ́ fún ọkọ rẹ̀ lórí fóònù lójú mi kòrókòró? Ọ̀kan nínú wọn fa imú, ó ní, "Àǹtí, kí ló ń rùn báyìí?" Mo ní gọ́tà ni. Mo fọ orí ẹ̀ líle ju bó ṣe yẹ lọ, kí n má purọ́.

Nínú ilé ẹbí tí à ń gbé, yàrá Àǹtí Mulíkà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló kọjú sí tiwa. Òun ló gba ìtọ́jú egbò náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Egbò kì í pẹ́ báyìí lásán. Ìwọ náà mọ̀ pé o ti tẹ nǹkan." Ó gbé omi gbígbóná tó fi káún sí wá. Ó gbé àdín wá. Ó gbé ẹ̀bu dúdú kan wá látọ̀dọ̀ ẹnì kan tí kò fẹ́ kí n mọ̀. Nígbà tí mo da ẹ̀bu yẹn sí i, mo di férémù ilẹ̀kùn mú, mo sì ké débi pé àwọn ará ilé jáde. Àǹtí Mulíkà ní bó ṣe ń ta mí yẹn, iṣẹ́ ló ń ṣe. Mi ò lè kọ̀. Tí mo bá kọ̀, wọn á ní mi ò fẹ́ kí ara mi yá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, etí egbò náà ti jóná, ibà dé, mi ò sì lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́. Ọkọ mi kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé mi sínú mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó di ọsibítù ìjọba kan lọ́nà Ìdí-Àràbà.

Wọ́n dá mi dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò. Wọ́n ya fọ́tò eegun. Dókítà tó ń tọ́jú mi jẹ́ ọkùnrin tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Mama, kò tíì dé eegun. Ṣùgbọ́n tó bá dé eegun, mi ò lè ṣèlérí ẹsẹ̀ yìí fún yín mọ́." Mo wo ẹsẹ̀ mi lábẹ́ aṣọ ìbora. Onídìrí ẹlẹ́sẹ̀ kan, ta ni yóò gbé orí fún un? Ohun tí mò ń rò lóru àti lọ́sàn-án nìyẹn.

Ó ṣàlàyé pé iṣan tó yẹ kó máa gbé ẹ̀jẹ̀ padà sókè láti ẹsẹ̀ mi ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ fi ń jókòó sísàlẹ̀ tí awọ sì ń kú. Oògùn rẹ̀ tó tóbi jù ni báńdéèjì tó fún, tí wọ́n á dì láti ìka ẹsẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ náà dáadáa kí wọ́n tó dì í, nítorí náà má fúnra rẹ di tìrẹ nílé o, kì í ṣe gbogbo egbò ni wọ́n ń dì báyìí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n máa wá fọ egbò náà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ ní ibi ìfọgbò, lẹ́yìn ìrun Àṣùbá lèèyàn ti gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á ya bébà kan nínú ìwé, á kọ orúkọ ara rẹ̀, á máa kọ ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí o bá dé ní aago méje, ìwọ ló ṣìkejìlélógún. Orí bẹ́ǹṣì gígùn ni a máa ń jókòó sí, gbogbo wa na ẹsẹ̀ síwájú, gbogbo wa sì ń wo ẹsẹ̀ ara wa. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Yaba, Ìyá Wàhábì ni wọ́n ń pè é. Oṣù kan náà ni a bẹ̀rẹ̀. Egbò tiẹ̀ gan-an tóbi ju tèmi lọ, ẹsẹ̀ òsì ló sì wà bíi tèmi.

Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ ló ń fọ egbò fún wa. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, Surulere ló ń gbé, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní rúlà bébà kan tó fi ń wọn egbò wa. Tó bá wọn ti Ìyá Wàhábì tán, á ké pé, "Ìyá Wàhábì, ó tún ti kéré sí i o!" Àwọn ará bẹ́ǹṣì á pàtẹ́wọ́. Èmi kì í pa tèmi. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú báàgì. Tó bá kan èmi, Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ á wọ̀n ọ́n, á tún un wọ̀n. Á ní, "Mama, báńdéèjì yìí ti rọ̀. Ṣé ẹ ń tú u?" Mo ní rárá. Á di òmíràn fún mi, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ọwọ́ yín má kàn án títí di Ọjọ́bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a lọ fún oṣù mẹ́jọ. Mo ta díráyà mi kan ra báńdéèjì. Egbò Ìyá Wàhábì ń pa ojú dé, tèmi ń la ojú sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo ní Nọ́ọ̀sì ń fún un ní báńdéèjì tó dára ju tèmi lọ. Ní ọjọ́ kan mo dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, mo ní kó fi páálí báńdéèjì méjèèjì hàn mí. Ó fi hàn mí. Ohun kan náà ni. Mo wá gbà pé ìpara kan ni Ìyá Wàhábì ń lò tó fi pa mọ́ fún wa. Tí Ìyá Wàhábì bá kí mi, "Ẹ kú ìdúró o, Ìyá Fáwàsì," mo máa ń mi orí lásán. Ọ̀rọ̀ kan ò jáde lẹ́nu mi sí i rí. Àdúrà tí mo sì ń gbà nígbà yẹn, ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa kọ ọ́: mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí tiẹ̀ jinná ṣáájú tèmi. Lórí ẹní ìrun ni mo ti gba àdúrà yẹn.

Ọjọ́bọ̀ kan dé tí Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ wọn tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì pe dókítà. Dókítà tẹ̀ ẹ́ yíká. Ó ní kí n lọ tún fọ́tò eegun yà, kí n mú un wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo jáde, mo rí Ìyá Wàhábì tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Mo ní lónìí ni mo máa mọ ohun tí obìnrin yìí ń lò. Nígbà tí ó forí lé mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ọsibítù fún ìrun Àyìlá, mo tẹ̀ lé e.

Mo dúró sẹ́yìn ògiri ibi àlùwàlá. Ó bu omi sí búta, ó jókòó. Ó fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó fọ ojú, ó fọ apá, ó fi omi pa orí. Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún dáadáa. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ òsì, ó kàn fi omi ra ọwọ́ ni, ó fi ọwọ́ tútù náà pa orí báńdéèjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Inú mi dùn. Mo ti mú un! Gbogbo ìrun tó ń kí, àlùwàlá rẹ̀ kò pé. Mo jáde sí i lójijì.

"Ìyá Wàhábì, ẹ ò fọ ẹsẹ̀ òsì."

Ó yíjú padà. "Háà, Ìyá Fáwàsì! Láti ọjọ́ tá a ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, òní lẹ máa kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹjọ́ lẹ sì gbé wá."

"Àlùwàlá yẹn ò pé, ẹ ò lè fi kírun."

"Ó pé o. Àlùfáà wa ló kọ́ mi. Ẹni tó di ojú egbò, tí dókítà ní kó má tú u, tó bá ti fi ọwọ́ tútù pa orí ohun tó dì mọ́ ọn, ó ti tó. Àbí kí n máa tú u kiri? Ọlọ́run ò ní ká pa ara wa." Lójijì ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo báàgì mi. Báńdéèjì tí mo dì wá láàárọ̀, tí Nọ́ọ̀sì tú kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ló yọ díẹ̀ níbẹ̀ torí ẹnu báàgì kò sé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣì tutù. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìyá Fáwàsì, ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?"

Mo ní, "Mo ń tú u ni."

"Ẹ ń tú u. Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́?"

"Ìrun mélòó ló wà?"

Ó gbé búta sílẹ̀. Mo rò pé ó máa fi mí rẹ́rìn-ín, mo ti ń wá èsì tí màá fọ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ tútù rẹ̀, ó ní, "Oṣù mẹ́jọ. Kí ló dé tẹ́ ò bi mí?"

Mo mọ ìdí tí mi ò fi bi í. Ìwọ náà tó ń kà á mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni mo ń tú báńdéèjì yẹn, tí mo ń fi omi fọ ẹsẹ̀ títí kan etí egbò, tí mo sì ń fúnra mi dì í padà bí ẹni ń wé gèlè. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì bá bi mí bóyá mo ń tú u, mo ń sọ pé rárá, nítorí lọ́kàn tèmi, títú tí mo ń tú u fún Ọlọ́run kò sí lára títú. Mi ò sì bi àlùfáà wa, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ egbò mi dé mọ́ṣáláṣí. Ó tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà pé mo gbà pé èmi ni mo mọ ẹ̀sìn ṣe jù lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Wọ́n ní ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi rí ẹni tó mọ ọ̀nà, a jọ ń jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Ìyá Wàhábì fà mí padà sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbọ́, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀marùn-ún? Mama, tẹ́ ẹ bá ti tú u, ẹ̀jẹ̀ yẹn á tún sọ̀kalẹ̀ wá jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ohun tá à ń ṣe níbí lẹ ń fọ̀ dànù." Ó fẹ́ bínú, ó wá ní, "Èmi náà ò bi yín ní ìbéèrè tó yẹ. Mi ò mọ̀ nípa àlùwàlá." Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá àlùfáà tiwa fúnra mi. Ohun tí Ìyá Wàhábì sọ ló sọ.

Nígbà tí fọ́tò eegun jáde, dókítà gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní kò dé eegun, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ ọn. Mo sunkún níwájú rẹ̀ láìtijú.

Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ tútù ni mo fi ń pa á. Ìyá Wàhábì tún sọ fún mi pé orí bẹ́ẹ̀lì aṣọ lòun máa ń gbé ẹsẹ̀ lé ní Yaba tóun bá ń tajà. Mo ní èmi kì í ta aṣọ. Ó ní kí n wá nǹkan gbé e lé. Mo ra àga gíga kan sí ṣọ́ọ̀bù, mo ń jókòó ṣe irun, tí mo bá parí orí kan, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè kí n tó mú òmíràn. Àwọn oníbàárà kan sá lọ, wọ́n ní mo ti ń ṣọ̀lẹ. Àǹtí Mulíkà tún gbé nǹkan wá nínú ọ̀rá. Ọkọ mi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, ẹ má bínú, wọ́n ti di ibẹ̀ pa." Àǹtí Mulíkà bínú sí wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì tún wá fúnra rẹ̀ pé kí n bá òun wo ẹsẹ̀ òun tó ń wú. Mo ní kó jẹ́ ká lọ ọsibítù.

Ti Ìyá Wàhábì jinná ṣáájú tèmi. Ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ sọ fún un pé kó má wá mọ́, mo pàtẹ́wọ́. Mi ò ní sọ pé inú mi mọ́ pátápátá. Mo pàtẹ́wọ́, owú sì ń jẹ mí, àwọn méjèèjì wà nínú mi pa pọ̀. Tèmi gba oṣù márùn-ún sí i kó tó pa ojú dé.

Ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí tí ó ti jinná. Àpá dúdú ló fi sílẹ̀, awọ ibẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìpara ni mo máa ń fi kùn ún lálaalẹ́ kó má gbẹ. Sítọ́kìn tó fún ni mo máa ń wọ̀ kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn láàárọ̀, wọ́n sì ti sọ fún mi pé títí ayé ni. Tí mo bá rí ibi tó bó bíńtín, mi ò dúró kó di bọ́tìnnì. Àpá ti Ìyá Wàhábì mọ́lẹ̀ ju tèmi lọ. Mo ti sọ fún un, ó sì fi mí rẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ fi ẹsẹ̀ han Nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì, ó bo orí, ó di ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ń wo ọrùn ẹsẹ̀ mi, bí mo sì ṣe wò ó, ó gbé ojú kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀. Mo mọ báàgì yẹn. Kò sí nǹkan kan tó ń wá níbẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ báńdéèjì rẹ̀, ó tutù.

Mo ní, "Ẹ kú ìdúró o. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe àlùwàlá?"

Ó ní, "Kí ló kàn yín ńbẹ̀?"

Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ sítọ́kìn, mo gbé ẹsẹ̀ mi sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè wò ó dáadáa, kó jowú rẹ̀ tẹ́rùn. Mo wá jókòó tì í. Mo ní mi ò ní dìde níbẹ̀ títí tó fi máa dá mi lóhùn.